Ọ̀nà Tí A Fẹ́ Gbà Dé Ayétòrò

Àbúrò mi ọkùnrin ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá wa ní Èkó ló ń gbé, Tarkwa Bay ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pákó gun ìgbì òkun. Ẹni tí kò bá tíì rí eré náà rí lè má mọ ohun tí mo ń sọ. Pákó náà gùn ju ẹni tó ń gùn ún lọ, ó fẹ́lẹ́, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ẹni náà á dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì wa omi jáde síbi tí ìgbì ti ń ru, á kẹ̀yìn sí agbami, á máa dúró. Bí ìgbì tó wù ú bá ti gbé e, á fò dìde lórí pákó, omi á sì máa gbé e bọ̀ létíkun bí ẹni tó wà lórí ẹṣin.

Ní ìparí oṣù kẹta ó pè mí lórí fóònù. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fẹ́ yá mọ́tò, kí wọ́n so pákó mọ́ òrùlé rẹ̀, kí wọ́n máa tọ etí òkun láti Èkó wá sí ilẹ̀ Ìlàjẹ tí í ṣe ilé wa. Ibi tí ìgbì bá ti dára ni wọn yóò ti máa dúró, Ayétòrò ni ìrìn náà yóò parí sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa ṣètò ọ̀nà," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ ń ka ìtàn, ẹ̀yin náà lẹ sì mọ ilé."

Ó ní oṣù kẹfà ló wu òun, torí ìgbà náà ni ìgbì máa ń ga.

Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Mo ya máàpù etíkun sínú ìwé, mo fi rúlà fa ìlà láti Èkó sí Ayétòrò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ìlú sí i lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é. Ohun tó fà á tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé kò sí ọ̀nà. Láti Victoria Island, mọ́tò lè gba Lekki lọ sí Ìbẹ̀jú, kó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń sún mọ́ ilẹ̀ wa, ọ̀dà á tán, iyanrìn àti igi àgbọn ni yóò kù, pẹ̀lú ọ̀sà lápá òsì àti òkun lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò dé Ìlàjẹ láìsí wàhálà gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí òkun pátápátá, kó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ọ̀rẹ̀, kó yà sí Òkìtìpupa, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí Igbókọ̀dá. Ní Igbókọ̀dá, inú omi ni títì parí sí. N kò sọ àsọdùn. Etí omi ni ọjà wà, bí ẹsẹ̀ ẹni bá ti kúrò lórí ilẹ̀, inú ọkọ̀ ojú omi ló kàn.

Ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ títì kan ní ọdún 2024, èyí tí wọ́n ní yóò tọ etíkun láti Èkó dé Kàlàbá, nǹkan bíi kìlómítà 700, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára ibi tí yóò gbà kọjá. Àbúrò mi ní ṣé kí a kúkú dúró dè é. Mo ní pákó rẹ̀ á ti jẹrà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Inú bí mi díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìpínlẹ̀ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa ń fi etíkun rẹ̀ yangàn, tí ẹnì kan kò sì lè fi mọ́tò tọ etíkun náà! Màmá àgbà wa, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Òkìtìpupa, gbọ́ bí mo ṣe ń kùn. Wọ́n ń ṣa edé nínú àtẹ, wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ta ló sọ fún ọ pé a kò lọ́nà?" ni wọ́n wí. "Ọ̀nà tiwa ló kàn tutù."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ùgbò, Máhìn, Ahẹrí àti Ètìkàn ni àwọn ìlú ọba tí à ń pè ní Ìlàjẹ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fi ẹsẹ̀ rin ìtàn rẹ̀. Àwọn ará Ùgbò ń sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣí, pé àwọn ni Ìgbò tí ìtàn Mọ́remí ń dárúkọ, tí wọ́n ń fi ewé bora wọ ìlú. Bí a bá gbà á, bí a kò gbà á, ohun tó dájú ni pé nígbà tí wọ́n dé etí omi, omi di títì fún wọn. Ẹja, edé àti ẹní ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀, wọ́n ń fi àjẹ̀ wà á gba inú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti Èkó lápá kan, wọ́n sì ń wà á lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìtsẹ̀kírì lápá kejì.

Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá nílò ọ̀nà tútù yìí. Nígbà ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1862, àti lẹ́yìn náà nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú a máa di ọ̀nà tó ti Èkó wọ àárín ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti dì í, epo pupa kò ní lè sọ̀ kalẹ̀, ìbọn àti aṣọ kò ní lè gòkè. John Glover tó ń ṣàkóso Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láàárín ogun méjèèjì wá ń wá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò lè fi ọwọ́ bò. Èyí tó rí ni wọ́n pè ní ọ̀nà ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ yóò kúrò ní Èkó, yóò tọ ọ̀sà dé Atíjẹrẹ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ibẹ̀ ni ẹrù yóò ti gba orí ilẹ̀ lọ sí Oǹdó, kó tó máa lọ sí òkè. Mo fi pẹ́ńsùlù pupa sàmì sí Atíjẹrẹ lórí máàpù mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìgbì níbẹ̀ tí àbúrò mi lè gùn.

Mo sàmì sí Máhìn náà, torí ohun kan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1885, ilé iṣẹ́ òwò G. L. Gaiser ti Hamburg, tó ti ń tajà ní Èkó tipẹ́, bá Amapẹ̀tu ti Máhìn ṣe àdéhùn lórí etíkun wọn. Owó ibodè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí ọjà ní Èkó ló ń dun Gaiser, ó fẹ́ ní ibi tí òun náà lè máa já ẹrù sí lábẹ́ àsíá Jámánì. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Jámánì ti jọ̀wọ́ ibẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí pé ó kù díẹ̀ kí Màmá àgbà máa fi èdè Jámánì pe ẹja. Ìdí tí Gaiser fi lè yan etíkun tiwa, n ó padà sí i níwájú.

Àbúrò mi kò bìkítà fún Gaiser. Ìgbì ni tirẹ̀. Ó fi fíìmù kan ránṣẹ́ sí mi tí àwọn tó ń gun ìgbì káàkiri ayé mọ̀, The Endless Summer, èyí tí Bruce Brown, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1966. Ọ̀dọ́kùnrin méjì, Mike Hynson àti Robert August, gbé pákó wọn, wọ́n ń tẹ̀ lé ẹ̀ẹ̀rùn yí ayé ká. Wọ́n dé Senegal, wọ́n dé Ghana, wọ́n dé Èkó wa níhìn-ín. Ẹni tó bá wo fíìmù náà á rò pé àwọn ló mú eré yìí dé etíkun wa, pé àwọn ọmọ etí òkun kàn dúró sórí iyanrìn, wọ́n ń wo idán. Àbúrò mi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí òyìnbó fi sílẹ̀ ni òun ń ṣe.

Mo ní kó fara balẹ̀. Ọmọ Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Michael Hemmersam, ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast láti 1639 sí 1645, ìyẹn etíkun tí à ń pè ní Ghana lónìí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn òbí níbẹ̀ máa ń so ọmọ kékeré mọ́ pákó, wọ́n á sì jù ú sínú omi kó lè mọ ìwẹ̀. Ó lé ní 150 ọdún lẹ́yìn náà, sójà Gẹ̀ẹ́sì kan, James Edward Alexander, dé Accra. Ó rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n fi pákó fẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n wẹ̀ jáde, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí ìgbì sì gbé wọn padà wálé. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1837. Ẹ yọ 1837 kúrò nínú 1966, ọdún 129 ló kù. Nígbà tí mo ka èyí fún àbúrò mi, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n fi ojú ewé náà ránṣẹ́ kí òun fi han àwọn ọ̀rẹ́ òun.

Eré ni fún àwọn ọmọdé, iṣẹ́ ni fún àwọn àgbà. Etíkun wa láti Accra dé Èkó kò ní ibi tí ọkọ̀ ńlá lè fara pamọ́ sí. Ọkọ̀ òyìnbó á dúró lókèèrè lójú agbami, àwọn awakọ̀ á fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá lọ bá a, wọ́n á kó àgbá epo lọ, wọ́n á kó ẹrù àti ènìyàn bọ̀. Wọ́n ń ka ìgbì bí a ṣe ń ka ọmọ ayò. Wọ́n mọ èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá, wọ́n mọ èyí tí wọ́n lè bá rìn. Ẹni tó bá ṣì í kà, òun àti ẹrù á jọ wọmi. Ní Accra iṣẹ́ náà kò tán títí èbúté Tema fi ṣí ní 1962. Ní tèmi o, n kò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè wo irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kó sọ pé wọn kò mọ bí a ti ń gun ìgbì.

Ní Èkó, òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́nu ọ̀sà ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Láti 1908 ni ìjọba amúnisìn ti ń kó òkúta ràgàjì jọ sínú òkun níbẹ̀, wọ́n fi ṣe ògiri gígùn lápá méjèèjì ẹnu ọ̀sà kí omi lè máa jìn. Lẹ́yìn ògiri ìwọ̀-oòrùn ni Tarkwa Bay wà. Iṣẹ́ òkúta yẹn ló bí i. Àbúrò mi tó rò pé òkun Ọlọ́run lásán ni òun ń gùn, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn wà nínú ìgbì rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́, ìyẹn iyanrìn. Ìgbì etíkun wa ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Kì í bọ́ sí etíkun ní títọ́, ńṣe ló ń dà á ní ìdákọńkọ, nítorí náà ló fi ń ti iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, láìsinmi. Nígbà tí òkúta Èkó dá iyanrìn yìí dúró, apá ìwọ̀-oòrùn ń sanra, apá ìlà-oòrùn ń rù. Bar Beach ní Victoria Island ni ebi náà pa. Òkun ń jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ń da iyanrìn sí i, òkun tún ń kó o lọ, kó tó di pé wọ́n mọ ògiri ńlá síbẹ̀. Victoria Island lówó, ó sì lẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo wá tọ iyanrìn náà lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa lórí máàpù. Ó gba Lekki kọjá, ó gba ibi tí ìpínlẹ̀ Ògùn ti kan òkun díẹ̀, ó dé sàkáání Ararọ̀mí tó wà létí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ. Ibẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ parí sí. Ọ̀gbun kan wà nísàlẹ̀ òkun nítòsí ibẹ̀, Avon ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Orí ọ̀gbun náà sún mọ́ etíkun tó bẹ́ẹ̀ tí iyanrìn tó ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn fi ń ré sínú rẹ̀, tó ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, tí kì í padà wá mọ́. Láti ibẹ̀ lọ dé ẹnu odò Benin, nǹkan bíi kìlómítà 75, etíkun kò ní iyanrìn rẹpẹtẹ mọ́. Ẹrẹ̀ ni. Ayétòrò wà lórí rẹ̀, Ùgbónlá wà lórí rẹ̀, Mọ̀lúmẹ̀ àti Àwóyè náà wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fò látinú ọkọ̀ níbẹ̀ láìfura, orókún rẹ̀ á rì.

Ẹrẹ̀ a sì máa pa ìgbì. Òkun ibẹ̀ kò jìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń lọ ní pẹ̀lẹ́bẹ́ jìnnà sínú agbami, ẹrẹ̀ rírọ̀ sì ń gba agbára omi bí tìmùtìmù ṣe ń gba ẹ̀ṣẹ́. Ìgbì tí ì bá ga ju ènìyàn lọ ní Lekki á ti rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lójú tèmi, èyí wà lára ohun tó fa Gaiser wá sí Máhìn. Oníṣòwò tó bá fẹ́ já ẹrù láìní èbúté, ibi tí ìgbì ti rọ̀ ni ojú rẹ̀ á máa wá.

Mo pe àbúrò mi. Mo ní, "Ìgbì tí o ń wá kò kọjá Ararọ̀mí o. Ẹrẹ̀ ló kù."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọmọ náà ń ronú. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹrẹ̀ bá ń pa ìgbì, kí ló wá ń jẹ Ayétòrò?"

Ìbéèrè yìí ló gba gbogbo ọ̀sẹ̀ kejì lọ́wọ́ mi.

Ìgbì kò nílò kó ga kó tó ba ilẹ̀ jẹ́, bí ilẹ̀ náà bá ti rọ̀. Etíkun oníyanrìn dà bí ẹni tó ń yá ni lówó. Ní àsìkò òjò òkun á kó iyanrìn lọ, ní ẹ̀ẹ̀rùn á dá díẹ̀ padà, àti pé iyanrìn mìíràn á tún máa ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Ẹrẹ̀ kò ní irú oore bẹ́ẹ̀. Èyí tí omi bá ti yọ́, ó ti lọ. Ilẹ̀ náà kò ga ju òkun lọ tó nǹkan, òkun fúnra rẹ̀ sì ń ga sí i káàkiri ayé báyìí. Ní apá Àwóyè, àwọn ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí iṣẹ́ epo rọ̀bì dé tún ṣílẹ̀kùn fún omi iyọ̀, ó wọ inú àbàtà tí omi rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀, igi kú, gbòǹgbò tó ń di ilẹ̀ mú sì kú pẹ̀lú wọn.

Mo ní láti sọ ohun tí Ayétòrò jẹ́, torí àwọn ọmọ ilé ìwé mìíràn lè rò pé abúlé apẹja kan lásán ni. Ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́ dá a sílẹ̀. Nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni wọ́n ṣe ń fìyà jẹ wọ́n níbi tí wọ́n wà, wọ́n wá kó ara wọn jọ sórí ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn dù. Wọ́n ri òpó sínú ẹrẹ̀, wọ́n kọ́lé sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe títì láàárín ilé sí ilé. Ohun tí gbogbo wọn bá pa lówó, inú àpò kan ló ń lọ, inú àpò kan náà ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń jáde. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì. E. H. Duckworth, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Nigeria, lọ wò wọ́n, ó sì kọ nípa wọn ní 1951. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi yangàn pé láti 1953 ni iná mọ̀nàmọ́ná ti ń tàn lọ́dọ̀ àwọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Wọ́n pe ìlú wọn ní Ayétòrò. Tòrò yìí náà ni à ń lò fún omi tó bá ti silẹ̀, tó mọ́, tí kò rú mọ́.

Ìlú tí Màmá àgbà ti dàgbà nìyẹn. N kò ì tíì sọ ọ̀rọ̀ oṣù kẹfà fún wọn. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n gbé àtẹ edé sílẹ̀.

"Oṣù kẹfà? Oṣù tí òkun fi ń kó ilé lẹ fẹ́ lọ ṣeré?"

Wọ́n ní ilé mẹ́ta ni àwọn ti gbé ní Ayétòrò, àwọn kò sì fúnra àwọn kó kúrò nínú èyíkéyìí. Omi ló ń kó àwọn. Bí ó bá ti mú ẹsẹ̀ ilé, wọ́n á tú pákó àti páànù tó ṣeé tú, wọ́n á sún sẹ́yìn, wọ́n á tún kọ́. Ilé kẹta ló lọ kó tó di pé bàbá mi lọ mú wọn wá sí Òkìtìpupa. Mo bi wọ́n pé ibo gan-an ni ilé àkọ́kọ́ wà, kí n lè sàmì sí i lórí máàpù. Wọ́n wo máàpù náà pẹ́. Wọ́n wá gbé ìka wọn lé ojú òkun, níbi tí mo ti fi búlúù kùn, kì í ṣe lẹ́bàá etí, ṣùgbọ́n níta dáadáa.

"Ibí ni mo ti ṣègbéyàwó," ni wọ́n wí. "Ọkọ̀ ló ń kọjá lórí rẹ̀ báyìí."

Mo padà sídìí ohun tí àbúrò mi sọ nípa oṣù kẹfà. Kò parọ́. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òtútù bá mú ní ìsàlẹ̀ ayé, ìjì líle a máa jà jìnnà réré ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì. Ìgbì tó bá jáde láti inú ìjì yẹn á rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó kan etíkun Gíníì. Bí ó bá dé Tarkwa Bay, àwọn ọmọ á gbé pákó jáde, wọ́n á máa hó. Ìgbì kan náà ni, ìjì kan náà ló bí i, bí ó bá dé Ayétòrò, àwọn ìyá á máa ru ẹrù jáde kúrò nínú ilé. Láti ọdún 2004 ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbàṣe láti dáàbò bo etíkun náà ti wà nílẹ̀. Màmá àgbà kò tilẹ̀ bínú mọ́ bí wọ́n bá gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n kàn máa ń yí i sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi. N kò sọ fún un pé kó má ṣeré. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ohun tó sì ń ṣe jẹ́ ogún rẹ̀, bí mo ti fi hàn án. A jọ tún ètò náà tò, ó sì di ìrìn méjì. Ìrìn àkọ́kọ́ yóò wáyé ní oṣù kẹfà, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan, láti Tarkwa Bay lọ sí Lekki, títí dé ibi tí ọ̀dà bá parí sí. Pákó mẹ́ta, àgọ́ kan, omi mímu, kí wọ́n sì kọ́kọ́ kí baálẹ̀ ibi tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Mo kìlọ̀ fún un nípa omi tó máa ń fa ènìyàn padà sínú agbami. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, mo ní kó tún mọ̀ ọ́n sí i.

Ìrìn kejì di oṣù kìíní, nínú ọyẹ́, nígbà tí òkun bá silẹ̀. Wọn yóò gba Ọ̀rẹ̀ wá bá wa ní Òkìtìpupa, a ó jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Igbókọ̀dá, a ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ tí wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀, a ó sì wà ní Ayétòrò kí oòrùn tó mú. Mo kọ̀wé sí i pé kó fi pákó sílẹ̀ ní Èkó lọ́tẹ̀ yìí, torí kò sí ohun tó fẹ́ fi ṣe lórí ẹrẹ̀, àti pé yóò gba àyè nínú ọkọ̀.

Màmá àgbà ní kí n pa á rẹ́.

"Kó gbé e wá. Èmi náà ń bọ̀. Bí a bá dé ibi tí mo fi hàn ọ́, awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ó so okùn mọ́ pákó náà, kí ó dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀ kó yọjú sínú omi."

Mo ní, "Màmá, omi ibẹ̀ dúdú. Kò ní rí nǹkan kan."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Kó ṣáà dé ibẹ̀."

Mo mú ètò náà, mo pa ìlà tí mo ti kọ rẹ́, mo kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀: pákó kan, okùn gígùn kan, láìfù jákẹ́ẹ̀tì márùn-ún.